Ègé Sìlípáàsì Tí Mo Fi Dí Imú Ẹ́ńjìnì

Ẹ̀gbọ́n mi ni Akínlabí Oyèdìran. Ó ń tún alùpùpù ṣe ní àdúgbò Keteren Gwari. Kò mu ọtí rí. Kì í sáré. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òdì kejì rẹ̀ ni wọ́n ń sọ káàkiri Minna.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí wa. Praimárì kẹrin ni mo ti kúrò nílé-ìwé. Òun ló mú mi wá síbí, tó kọ́ mi níṣẹ́. Gbogbo Sátidé ló máa ń fi kẹrosíìnì fọ èékánná rẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, àwọn akọ̀wé ya wọ̀lú, alùpùpù ni wọ́n ń gùn lọ sí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ kún ọwọ́ wa. Mai Inji, ìyẹn oní-ẹ́ńjìnì, ni àwọn Hausa ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó bá tún ẹ́ńjìnì ṣe tán, yóò sítáàtì rẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ibi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jáde.

"Ẹ́ńjìnì ń mí bí èèyàn," ló máa ń wí. "Dí imú rẹ̀, yóò wá ibòmíràn já."

Ọ́ìlì díẹ̀ máa ń kán lẹ́nu ọ̀pá yẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, akọ̀wé kan ará Ọ̀yọ́ tí a ń bá tún alùpùpù ṣe, gbé ṣòkòtò funfun wá, ó nà án sí wa lójú. Àbàwọ́n dúdú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Akínlabí, wò ó! Alákàrà ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì!"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ wọ ṣòkòtò dúdú."

"Haba! Ṣé ẹ́ńjìnì ni yóò máa yan aṣọ fún mi? Dí i!"

"N ò ní dí i, sà. Ọ́ìlì orí ṣòkòtò sàn ju ọ́ìlì orí táyà lọ."

Ó bínú lọ. Lọ́jọ́ kejì ó gun alùpùpù rẹ̀ padà wá, èmi nìkan ló bá.

"Àbúrò, ìwọ gbọ́n ju ẹ̀gbọ́n ẹ lọ," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo gé gìgísẹ̀ sìlípáàsì búlúù kan tó ti já, mo fi dí ẹnu ọ̀pá náà. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè gbé alùpùpù náà padà wá. Ọ́ìlì ń jò lẹ́bàá ṣéènì.

"James, o ti wo ọ̀pá yẹn?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Mo ti wò ó."

"Ó ń mí?"

"Ó ń mí."

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kan ọ̀pá náà. Ọ̀rọ̀ mi tó fún un. Ó gun alùpùpù náà jáde sí ọ̀nà Bida, kó lè mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń wá.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi sáré dé: "Mai Inji ya faɗi!"

Ó ti ṣubú lóòótọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti kú. Sílì tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́bàá ṣéènì ti fò yọ, táyà ẹ̀yìn ń dán fún ọ́ìlì. Mo yọ ègé búlúù náà, mo fi sápò.

Níbi ìsìnkú, díákónì ní kí àwa ọ̀dọ́ yé sá eré àsápajúdé. Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọtí ni. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wà níbẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ funfun báláú.

Adétutù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ò yé sọ fún mi pé: "Ọkọ mi, sọ fún wọn pé kì í sáré." Odidi oṣù kan.

Láàárọ̀ yìí mo gbé ègé náà lé e lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Sìlípáàsì mi nìyí," ó ní.

Ó dì í mọ́wọ́.

"James."

Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, kò pe orúkọ mi rí.

"Dìde láàárín ìjọ, kó o sọ ọ́."

Ọ̀la ni Sọ́ńdè. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ahọ́n mi má baà fo ibi tí mo ti ní, "Ó ń mí."