Ìyá Tí Yadira Fi Ẹnu Pa

“Ṣé èmi náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún ọ?”

Ìyá Eufemia Treviño ló bi Yadira Balderas ní ìbéèrè yìí, ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú yàrá ìjẹun ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn oko ọsàn, ní ìlú wa yìí létí odò tó pààlà láàárín àwa àti Mẹ́síkò. Mo wà níbẹ̀. Ọkọ mi ni mo wá fún lóúnjẹ, nítorí kì í gbà kí ẹlòmíràn fún un. Yadira ń bá ìyá náà to ẹ̀wà sórí páálí lotería, eré àwòrán àwọn ará Mẹ́síkò, ẹyọ ẹ̀wà kan sì dúró sí i lọ́wọ́.

“Wákàtí ni wọ́n ń kà, Ìyá,” ó ní. “Wọn kì í ka èèyàn.”

Ó rò pé ìtùnú ni òun sọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Ọmọ Nelda tó ń dáná ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni Yadira. Bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ńlá kó tòmátò gba orí afárá. Láti kékeré ló ti ní dókítà ni òun fẹ́ dà, ó sì wọ yunifásítì ìlú wa. Ọ̀nà yẹn kò kúrú. Ọmọ á kọ́kọ́ gba oyè kan ná, á ja ìjàkadì pẹ̀lú kẹ́místrì, á ṣe ìdánwò ńlá tó ń gba odidi ọjọ́, á sì máa tẹ̀lé dókítà kiri bí òjìji. Lẹ́yìn èyí, á wá ibi tí yóò ti sin àwọn aláìlera lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn á fẹ́ mọ iye wákàtí tó fi sìn. Gbogbo ọmọ tó ń wá síbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn kì í sọ ọ́ lójú àwọn tí wọ́n ń sìn.

Ní ti Ìyá Eufemia, ṣòkòtò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán ní ilé iṣẹ́ kan, títí ìka rẹ̀ fi ká wọlé tí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ṣikágò. Ojú tó fọ́ kò dí i lọ́wọ́ eré. Yadira á fa àwòrán yọ, á kéde rẹ̀:

“Ọ̀mùtí!”

“Ọkọ mi nìyẹn. Gbé ẹ̀wà lé e lórí, kó má baà dìde.”

“Ìyá, kò sí Ọ̀mùtí lórí páálí tiyín.”

“Ìwọ tó o fẹ́ di dókítà! Ojú ara rẹ ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú.”

Bí ó ṣe ń rẹ́ wa jẹ nìyẹn ní Sátidé gbogbo, àwa náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Nígbà tí wákàtí ìsìn rẹ̀ pé, Yadira ní òun fẹ́ lọ kàwé fún ìdánwò, àti pé bí òun bá ṣe é tán, òun á padà wá. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Kò wá. Ní Sátidé, Ìyá Eufemia á ní kí wọ́n kọ ojú àga òun sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ ló bá òun lára mu. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń retí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Houston, Yadira ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan níbẹ̀ pè é kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ, ó sì dúró dè é nínú ọkọ̀. Dókítà obìnrin kan tó ti hewú, Dókítà Lindqvist, ló bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní kó sọ nípa ẹnì kan tó jẹ́ kó mọ ohun tí iṣẹ́ ìṣègùn jẹ́. Yadira sọ nípa Ìyá Eufemia: ìka tó ká, ẹ̀wà, Ọ̀mùtí. Dókítà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. Ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé:

“Báwo ni ìyá náà ti wà báyìí?”

Yadira kò mọ̀. Bí ó bá ní òun kò mọ̀, wọ́n á bi í pé kí ló dé tí kò mọ̀. Bí ó bá ní àlàáfíà ló wà, wọ́n lè bi í pé nígbà wo ló rí i kẹ́yìn. Ó wá èyí tí kò ní ìbéèrè lẹ́yìn.

“Ó ti kú,” ó ní.

Dókítà Lindqvist na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó dájú pé ó mọ̀ pé o fẹ́ràn òun.”

Yadira ní ìkẹ́dùn yẹn ló dun òun jù, nítorí òótọ́ ni obìnrin náà fi ṣe é.

Bàbá rẹ̀ béèrè nínú ọkọ̀ pé, “Báwo ló ṣe lọ?”

“Ó dára, Bàbá.”

Ọkùnrin náà yí ohùn rédíò sókè, ó ń kọrin títí wọ́n fi délé.

Wọ́n gbà á. Nelda se tamale, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi háhá wé, kún ìkòkò méjì, àwọn ará àdúgbò sì kún àgbàlá. Don Chacho tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ká ṣòkòtò sókè: “Dókítà, ẹ bá mi wo orúnkún yìí! Ọ̀fẹ́ ni o, aládùúgbò ni wá.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Nelda ní, “Yadira, gbé tamale lọ fún Ìyá Eufemia, kó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ yìí lẹ́nu rẹ.”

“Mo níṣẹ́ láti ṣe, Màmá.”

“Iṣẹ́ wo? Ṣebí wọ́n ti gbà ọ́?”

Ó gbé e. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ̀rù ń ba òun pé bẹ́ẹ̀dì ìyá náà lè ti ṣófo, ẹ̀rù sì ń ba òun pé ó lè má ṣófo.

Kò ṣófo.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá. Yadira.”

“Yadira! Èmi ti rò pé o ti kú.” Ó na ìka rẹ̀ tó ká, ó ń wá ojú ọmọ náà. “Mo ní, ọmọ yẹn ṣèlérí pé òun ń bọ̀, kò sì wá, ikú nìkan ló lè dá a dúró. Mo ní kí àlùfáà dárúkọ rẹ níbi Mísà fún àwọn òkú. Ó dárúkọ rẹ dáadáa.”

Yadira jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó sọ ohun gbogbo lójú mi, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá náà ni mo wà; kò fi nǹkan kan pamọ́, àmọ́ kò lè wò mí. Ìyá Eufemia ń bó háhá àgbàdo kúrò lára tamale, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Kí ló pa mí?”

“Wọn ò béèrè, Ìyá.”

“Ẹ wo dókítà! Èèyàn kú, wọn ò tilẹ̀ béèrè ohun tó pa á.” Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ níbẹ̀. “Lọ sọ fún un pé mo wà láàyè.”

“Wọ́n á gba àyè náà lọ́wọ́ mi.”

“Ó ṣeé ṣe. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò kú.”

Láti ọjọ́ náà, Yadira kì í pa Sátidé kan jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń ka wákàtí fún un mọ́. Ọkọ mi kú nígbà tí ọsàn ń tanná. Yadira wá sílé mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu láti kí mi kú ọ̀fọ̀, ohùn kò jáde. Mo mú un lọ́wọ́ wọlé.

Wọ́n ti wọn aṣọ funfun fún un báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé. Nelda ti so àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri. Ní Sátidé tó kọjá, kí wọ́n tó fa àwòrán àkọ́kọ́ yọ, Ìyá Eufemia tún bi í gẹ́gẹ́ bó ti máa ń bi í:

“Ṣé mo ti jíǹde ní Houston?”

“Ẹ ò tíì jíǹde, Ìyá.”

Ìyá náà kò bínú. Ó ní gbèsè kì í rà, òun á máa dúró. Yadira kò tíì san án.