Ọlidé Tí A Fi Gba Títì

Òórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni mo fi ń rántí ọlidé náà. Sọ́mìlì kan wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Abẹ́òkúta nígbà yẹn, lẹ́bàá odò kékeré kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ wọn láàárọ̀, òórùn yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á wọ inú aṣọ, á wọ inú irun orí. Ọmọ wa obìnrin fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń se nǹkan dídùn tí kò fẹ́ fún wa jẹ. Òun nìkan la bí nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí ibà mú un ní àsìkò òjò. Orí ọ̀kadà la gbé e lọ sí ọsibítù, mo gbá a mọ́ra láàárín èmi àti ọlọ́kadà. Òkú rẹ̀ la gbé padà wálé.

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ọlidé tí ó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà ló ń gbé e lọ, wọn a sì pa ẹnu mọ́. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló wá láti ilé ẹbí pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dání. Nígbà tí wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e tán, Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má tẹ̀ lé wa. Ẹ má yọjú lójú fèrèsé. Tí a bá dé, ẹ má bi wá ní nǹkan kan." Ó wá wò mí, ó ní, "Ìwọ ni mò ń bá wí jù." Obìnrin kan ládùúgbò ti gbé ìrẹsì kaná nítorí àwọn tí ń wá kí wa. Ìrẹsì náà kò tíì jinná tí wọ́n fi padà dé.

Télọ̀ ni mí. Iṣẹ́ mi ni pé kí n wo nǹkan, kí n mọ bí ó ṣe gùn tó. N kò bi Bàbá Kékeré ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo wo ìkòkò ìrẹsì, mo sì wo bàtà rẹ̀. Wọn kò wọ ọkọ̀ lọ, wọn kò wọ ọkọ̀ bọ̀. Ilẹ̀ àdúgbò wa pupa láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé orí òkè. Bí òjò bá rọ̀, pupa náà ni ẹsẹ̀ gbogbo wa máa ń rí. Ẹrẹ̀ tí ó wà létí sálúbàtà Bàbá Kékeré dúdú bí èédú. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé ọmọ mi kò jìnnà sí mi, àti pé inú ilẹ̀dú ló wà. Ibi tí ilẹ̀dú náà wà ni n kò mọ̀. Mo sì pinnu pé n ó mọ̀ ọ́n.

Ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ ọmọ mi ni gbogbo ènìyàn fi ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ọlọ́mọ. Lẹ́yìn tí ó lọ, orúkọ náà wá há sí wọn lọ́nà ọ̀fun. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní télọ̀, àwọn kan ní ìyàwó Tíṣà. Ọkọ mi pàápàá, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama, kò mọ ohun tí yóò máa pè mí mọ́. Á ní, "Ṣé o ti jẹun?" láìpe orúkọ kankan ṣáájú. Èmi náà kò pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni mọ́. Tíṣà ni mo ń pè é, bí àwọn ará ìta.

Ìgbà ọlidé gbọọrọ ni iṣẹ́ máa ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi jù, torí pé ìgbà yẹn ni wọ́n ń rán yunifọ́ọ̀mù. Lọ́dún yẹn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá kí n wọn ọ́n. Mo na téèpù sí èjìká ọmọ náà, n kò sì lè ka ohun tí ó wà lára téèpù. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Tíṣà náà kò gba àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ lẹ́sìnnì ní pálọ̀ wa mọ́. Ó jókòó tì mí lórí àga, ó ní, "Ọlidé yìí, a ò ní jókòó sílé. Ibikíbi tí o bá fẹ́ lọ, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ. Ì báà ṣe iyọ̀ lo fẹ́ rà."

Ó yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, ọkùnrin yìí kò mú mi lọ ibì kan tí kì í ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Ó wá di pé a ń jáde. A gun Olúmọ, tí a ti ń wò lókèèrè láti kékeré. Ẹni tí ń mú àlejò kiri níbẹ̀ rò pé Èkó la ti wá, Tíṣà kò sì já a níyàn. A lọ sí Láfẹ̀nwá, a dúró lórí afárá, a ń wo odò Ògùn tí ó kún, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì oní-mílíìkì. A wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn tí ń sun ún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì jókòó jẹ ẹ́ létí títì láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rí wa á sọ pé tọkọtaya wọ̀nyí ń gbádùn ara wọn. Àwọn tí kò mọ̀ wá sì sọ ọ́.

Ohun tí èmi ń ṣe ní tèmi ni pé mò ń wo ilẹ̀. Lórí Olúmọ, nígbà tí Tíṣà ń nawọ́ sí àwọn òrùlé tó ti dípẹtà, tí ó ń dárúkọ àdúgbò wọn fún mi, ibi tí ilẹ̀ ti dúdú nítòsí ilé wa ni ojú mi ń wá. Bí a bá ń lọ sọ́jà, mo ń wo ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn, mo ń wo etí gọ́tà, mo ń wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tíṣà á ní, "Gbé orí sókè díẹ̀." Màá gbé e sókè, màá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Pupa ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló jáde láti ilé wa. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn sọ́mìlì kọjá lẹ́bàá odò, òun ló yá jù, òun la sì ti ń gbà láti ọjọ́ tí a ti kó dé. Ìyẹ̀ pákó tí ayùn ń tú jáde ni àwọn onísọ́mìlì máa ń dà sí i, ó nípọn bí tìmùtìmù, ẹsẹ̀ kì í kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ wa máa ń bọ́ bàtà tí a bá débẹ̀. Ọ̀nà kejì ni títì, tí ó gun òkè, tí ó rọ́ kọ́lọkọ̀lọ kí ó tó já sí ibi kan náà. Láti ìgbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, títì ni Tíṣà ń gbà. Orúnkún rẹ̀ kò dára láti ìgbà tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí a bá fi máa dé orí òkè, á máa tiro. Síbẹ̀, títì ni. Èmi rò pé ó fẹ́ kí ìrìn wa pẹ́ ni. Mo rò pé ó ń fẹ́ mi ní tuntun. Ọjọ́ kan wà tí mo tilẹ̀ lé tìróò.

Ìyá oníbúrẹ́dì tí ó ń tajà lórí òkè náà rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ń kọjá, á pariwo sí wa pé, "Ìyàwó Tíṣà, wọ́n tún ti mú yín jáde lónìí! Ọkọ tèmi, ibi tó mú mi lọ kẹ́yìn, kọ́ọ̀tù ni."

Tíṣà á ní, "Ẹ kú ọjà o, màmá."

"Ẹ ṣé o. Ẹ rọra máa gun òkè yìí o, Tíṣà. Ìfẹ́ kì í tọ́jú orúnkún."

Ó ku díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé nígbà tí a lọ ra iṣu ní Kútọ̀. Oòrùn mú. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a dé ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pín níyà, orúnkún Tíṣà ti wú débi pé mo ń rí i lára ṣòkòtò rẹ̀. Iṣu wà léjìká rẹ̀, díẹ̀ wà lórí tèmi.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gba sọ́mìlì."

"Rárá. Ibẹ̀ ń yọ̀."

"Òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ yìí, Tíṣà."

"Mo ní ibẹ̀ ń yọ̀."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi ò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

Kì í bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn. Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí n ó fi dá a lóhùn ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sọ́mìlì ti jáde láti ọ̀nà ẹ̀yìn náà, tí ó ń ti ọmọlanke. Àpò ìyẹ̀ pákó ló kún inú rẹ̀. Ó kí wa, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò gba ọ̀dọ̀ wa mọ́. Àwọn tó ń sin adìẹ ti ń ra ìyẹ̀ yìí lọ́wọ́ wa báyìí, a ti gbá gbogbo ọ̀nà mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ etí odò ti gbẹ mọ́ ọn títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dúdú bí èédú.

Mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tí a ti kó dé, n kò sì rí i rí.

Mo yíjú sí Tíṣà. Ó ti sọ iṣu kalẹ̀, ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà kékeré náà, bí ẹni tí ó fẹ́ fi ara dí i.

Mo ní, "Ẹ mọ̀."

Ẹ̀rọ sọ́mìlì ń la igi lọ, Tíṣà sì dúró títí wọ́n fi la igi ọ̀hún tán.

Ó ní, "Bàbá Kékeré ò fẹ́ sọ. Ó bú mi, ó ní mo fẹ́ ba ohun tí a bá nílẹ̀ jẹ́. Èmi náà rí bàtà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ẹnì kejì má baà máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Mo na ọrùn wo ọ̀nà kékeré náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Etí ọ̀nà gan-an ni wọ́n fi í sí. Mo ní kí koríko hù sí i ná. Mo rò pé tí ọlidé bá fi máa parí..."

Ó wá yé mi ìdí tí a fi gun Olúmọ, àti ìdí tí a fi jẹ àgbàdo ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni kò fẹ́ kí n gbà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ó lè fi ṣe é ju kí ó máa tẹ̀ lé mi kiri. Tí ilé ìwé bá wọlé, kò ní lè tẹ̀ lé mi mọ́. Mo ti fi gbogbo ọlidé wá ibi tí ó ti fi gbogbo ọlidé mú mi yípo. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí. Ká ní mo ti Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí yẹn, kò ní lè dá mi dúró.

Mo dúró pẹ́. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, òun nìkan ló ń lọ síbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, lójoojúmọ́, ó sì ń padà wálé wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé iṣu tirẹ̀ kún tèmi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gba títì."

A gun òkè náà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì, ó ya ẹnu láti fi wá ṣẹ̀fẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó wò wá, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì dìde láti gba iṣu lórí mi. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún, lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, láàárín búrẹ́dì. Tíṣà dúró tì mí, ó ń lé eṣinṣin.

Ó ti pẹ́ báyìí. Bàbá Kékeré ti kú. Wọ́n ti kó sọ́mìlì náà kúrò, wọ́n sì ti mọ ògiri yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn ṣì wà, láìsí ìyẹ̀ pákó lórí rẹ̀. A bí ọmọbìnrin mìíràn. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́. Ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò fara balẹ̀, ọ̀nà tó bá yá ló ń gbà. A kò sọ fún un. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ó ń tẹ ọ̀pá, títì náà ló ṣì ń gbà. Èmi náà títì ni. N kò dé ibi tí wọ́n sin àkọ́bí wa sí rí, Tíṣà kò sì nawọ́ sí i hàn mí rí.

Ní àsìkò òjò, ọmọ wa máa ń wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú létí bàtà rẹ̀. Èmi ni mo ń fọ bàtà náà. Ó ti bínú títí, á ní, "Màámi, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ṣé mi ò lọ́wọ́ ni?" N kì í fi sílẹ̀. Mo ń fọ̀ ọ́ nínú abọ́, n kì í da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Ìdí ìbẹ́pẹ tó wà níwájú ilé wa ni mò ń dà á sí, díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mu ún.

Ní òjò tó kọjá, Tíṣà jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo gbé abọ́ náà jáde. Ó wo inú omi náà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè ráyè kọjá.