Àwọn Ọ̀rá Tí Màmá Àpòmù Fọ̀

Ọjọ́ tí Màmá Àpòmù wọ ọ́fíìsì mi, ẹ̀rín ni mo fi pàdé wọn. Mo rò pé wọ́n wá dúpẹ́ ni. Ọ̀rá dòdò tí mo yàwòrán sí fún ọmọ àbúrò wọn ti gbòde nígbà náà, láti Ìkirè títí dé oríta Gbọ̀ngán, orí mi sì ti wú débi pé mo máa ń dúró lójú títì kí n lè rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fa àga. Wọn ò jókòó. Wọ́n gbé báàgì kan lé orí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fa síìpù rẹ̀.

Ọ̀rá dòdò ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti sá wọn gbẹ, wọ́n wá ká wọn ní méjì-méjì bí aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé. Ojú àbúrò wọn, Ìyá Sìdí, tó ti di olóògbé, wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èjí bí mo ṣe tò ó síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wọ́n ní ojú títì làwọn ti ṣà wọ́n, pé èyí tó wà nínú gọ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì làwọn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí táyà mọ́tò ti kọjá lórí rẹ̀. Fífọ̀ ò ran ìyẹn. Wọn ò pariwo rárá. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

“Fúnmi,” ni wọ́n wí, “ẹ̀ẹ̀kan la sin àbúrò mi. Ìwọ àti Sìdí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.”

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà l’Ékòó. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, olùdarí àwòrán ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ará ilé wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀dà ni mò ń kùn. Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ta ọṣẹ tàbí tíì, èmi ni mo máa pinnu ohun tí ojú yín á kọ́kọ́ bà lé, àti ohun tí ẹ máa rí tẹ̀ lé e, títí ọwọ́ yín á fi dé àpò. Ẹlòmíì ló ń ya àwòrán, ẹlòmíì ló ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Èmi ni mò ń dúró lẹ́yìn wọn pé ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kó pọ́n sí i, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Àwíìyannu ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Ọ̀gá Bándélé ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni wọ́n, awò méjì ni wọ́n máa ń lò pọ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, wọ́n á sì máa wá ẹ̀kẹta kiri. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo gbé àwòrán agolo mílíìkì kan lọ bá wọn, mo ti ya màlúù tó rẹwà síbẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo màlúù náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń bá màlúù ṣọ̀rẹ́. “Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ni wọ́n wí. “Fi èèyàn síbẹ̀. Èèyàn kì í kọjá lára èèyàn láì wò ó.” Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú fún ọdún méjìdínlógún, kò já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà dín òṣìṣẹ́ kù, mo kó kọ̀ǹpútà mi, mo padà sí Ìkirè. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Àpòmù, mo gbé páánẹ́lì oòrùn sórí rẹ̀. Pósítà òkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Àwọn ọmọ olóòkú á ní kí n bá àwọn tan ojú Dádì díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n wọ kóòtù fún bàbá òun, bàbá tó jẹ́ pé dàńṣíkí ni wọ́n wọ̀ títí wọ́n fi lọ. Mo wọ̀ ọ́ fún wọn, mo tún so táì sí i. Lọ́jọ́ òkú náà, ọ̀rẹ́ bàbá kan dúró síwájú pósítà yẹn pẹ́ títí, wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi pé òkú ta ni.

Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí Sìdíkátù fi wá. Ìyá rẹ̀ ti dín dòdò Ìkirè fún nǹkan bí ogójì ọdún kí wọ́n tó kú. Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà wa kọjá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ pò ó, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á wá mọ ọ́n ṣóńṣó. Inú ewé ni wọ́n ń dì í sí láyé àtijọ́. Inú ọ̀rá lásán ló máa ń wà báyìí, tẹni kan ò sì yàtọ̀ sí tẹnì kejì. Sìdí ní àwọn tó ń kiri ti ń ta dòdò ẹlòmíì pé ti ìyá òun ni, ó ní tó bá fi máa di ọdún méjì sí i, kò sẹ́ni tó máa rántí pé obìnrin kan wà bẹ́ẹ̀. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó bá mi mú fọ́tò wá.

Èyí tó gbé wá, ara ògiri ló ti yọ ọ́, omi òjò ti bà á jẹ́ níhà kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, mo to etí ọ̀tún padà, mo jẹ́ kí èjí wọn hàn dáadáa. Nígbà tí Sìdí rí i, ó fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú, ó ní ó dà bí ẹni pé ìyá òun fẹ́ bá òun wí. A tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá n’Íbàdàn, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mi ò rò: ibi tí ọ̀rá ń lọ tí dòdò bá tán. Inú mọ́tò ni wọ́n ti ń jẹ dòdò. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ojú fèrèsé ni ọ̀rá ń gbà jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Àpòmù ṣe bá àbúrò wọn pàdé nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn bí ẹ ṣe lè rò ó. Mo ní kí Sìdí jẹ́ ká yọ fọ́tò náà kúrò, ó kọ̀. “Àǹtí Fúnmi, tí mo bá yọ ojú ìyá mi, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ wọ́n?” Èkínní ò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé obìnrin yìí, èkejì ò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìfẹ́ ló sì wà nínú méjèèjì. Ní gbogbo ìgbà tí à ń fa èyí, Màmá ń jáde láràárọ̀ lọ ṣa ọ̀rá létí títì márosẹ̀, níbi tí tírélà ti ń sáré àsápajúdé. Àwọn ọlọ́kadà ti ń sọ pé orí màmá náà ti dàrú. Lọ́jọ́ kan, fọganáísà kan wá sọ fún mi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀rá kan lójú títì, òun ló fa aṣọ wọn sẹ́yìn kí mọ́tò tó kọjá.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Tí mọ́tò bá gbá màmá yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló pa wọ́n. Mo pe Ọ̀gá Bándélé lórí fóònù, mo rò ó fún wọn.

“Fúnmi,” ni wọ́n wí, “gbogbo ọdún tá a fi ṣe é l’Ékòó, a ò bẹ̀rẹ̀ wo gọ́tà lẹ́ẹ̀kan.”

Mo wá rò pé mo ti rí i ṣe. Mo ya ìlà mélòó kan: gèlè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ó wù mí gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, èmi àti Sìdí gbé e lọ sí Àpòmù. Dípò kí n fún Màmá lọ́wọ́, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, láàárín àga wọn àti àmù omi, mo sì jókòó máa wò wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

“Àṣàkẹ́ àbúrò mi nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Bó ṣe ń wé gèlè nìyẹn.”

Mo ká ìwé mi. Sìdí, kó lè tù wọ́n lójú, yọ dòdò tó mú wá fún wọn, ó tú u kalẹ̀ sínú àwo. Màmá wò ó yí ká, wọ́n béèrè ìdí tí kò fi tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sìdí ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n wá sọ fún wa pé láyé ewé, kí Àṣàkẹ́ tó dì í, ó máa ń ti àtàǹpàkò bọ ẹ̀gbẹ́ dòdò kọ̀ọ̀kan, ojú ibẹ̀ á sì jìn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á tú ewé wò kí wọ́n tó sanwó. Èyí tí kò bá ní kòtò, wọ́n á dá a padà. Nígbà tí ọ̀rá fi máa dé, ọwọ́ ti ń dun ún, àwọn ọmọṣẹ́ ló ń bá a mọ ọ́n. Sìdí kéré nígbà náà.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Sìdí mú dòdò kan, ó ti àtàǹpàkò bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú Màmá. Wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí i díẹ̀. Ó tún un ṣe. Wọ́n mi orí, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ìyẹn ni mo yà. Dòdò ṣóńṣó kan, àwọ̀ epo tó ti dúdú, kòtò àtàǹpàkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo padà lọ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi kan náà. Màmá dìde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ bu omi mu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà bọ̀, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń nu ojú.

“Kí lò ń sunkún sí?” ni wọ́n béèrè.

Àwòrán yẹn ni Sìdí gbà ká tẹ̀ sára ọ̀rá tuntun, àmọ́ ó ku ohun kan. Fọ́tò ìyá Sìdí wà lórí ojú ìwé tó fi ń polówó ọjà lórí fóònù, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ. Mo ní kó fi han Màmá. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n wo àbúrò wọn dáadáa. Wọ́n béèrè bóyá inú fóònù nìkan lèyí wà. Sìdí ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, àbí?”

“Ọwọ́ ni, Màmá.”

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Ọ̀rá àtijọ́ tó ṣẹ́ kù, Sìdí kó o sínú yàrá ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló wà dòní. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń yẹ dòdò wò kí wọ́n tó rà á. Ní tèmi, gbogbo iṣẹ́ tó bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo máa ń tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, màá wá jókòó máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé. Àwọn oníbàárà rò pé mi ò mọ ilé tọ́jú ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan l’Ápòmù, èmi àti Màmá jọ ń rìn bọ̀. Wọ́n ń ròyìn àna wọn kan tó gbé ewúrẹ́ wá kí wọn tó sì padà wá yá a. Òjò ti rọ̀. Mo rí ọ̀rá dòdò tuntun kan nínú ẹrẹ̀ níwájú wa, mo fẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ mọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n gbọn ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè já, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ò sì dúró lẹ́nu wọn. Mo ti gba àmì-ẹ̀yẹ l’Ékòó rí nítorí iṣẹ́ mi, aṣọ tuntun ni mo wọ̀ lọ gbà á. Kò dùn mọ́ mi tó báyìí. Wọn ò tiẹ̀ wolẹ̀.