Ìlà Kan Nínú Ìjábọ̀ Ọjọ́ Ajé

Ìsinmi ìbímọ Hameedah kò tíì dé ìdajì nígbà tó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó wẹ̀, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú rẹ̀, tó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ síbi iṣẹ́. Muqtadir ń wọ bàtà lọ́wọ́. Ó gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n pè ọ́ ni?"

"Rárá, wọn ò pè mí."

Muqtadir wọ bàtà rẹ̀ tán. Ó bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu géètì, ó dá ọ̀kadà dúró fún un, ó sì padà wọlé.

Ilé tí wọ́n háyà ní Màgbọ̀rọ̀ ti dákẹ́ jù. Kì í ṣe pé Hameedah ń sunkún nínú rẹ̀. Kò tíì sunkún rárá látìgbà tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù. Ṣe ni gbogbo nǹkan dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀rá wé: ó ń rí i, ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò kàn án lára. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á lọ sùn. Nígbà tí omi ọmú dé láìsí ẹni tí yóò mu ún, ó ń fún un dànù nínú ilé ìwẹ̀ bí ẹni ń da omi ìrẹsì nù, á sì fi omi ṣan ilẹ̀.

Ọmọ Ifọ̀ ni Hameedah. Bàbá rẹ̀ ń ta pákó nítòsí ojú irin, ibẹ̀ ló sì ti mọ ìṣirò, torí òun ló ń bá bàbá náà ka pákó tó wọlé àtèyí tó jáde. Nígbà tó ka ìwé ìṣirò tán ní pólì, ó ríṣẹ́ sí Ọsibítù Ìfọ̀kànbalẹ̀, ọsibítù aládàáni kan tó ní ẹ̀ka ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ifọ̀. Mówè ni ọ́fíìsì àgbà wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ilé oògùn. Iṣẹ́ Hameedah ni láti kó ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ: iye aláìsàn tó wá, iye tí wọ́n dá dúró, iye aboyún tó bímọ, oògùn tó ń tán lọ. Yóò wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìjábọ̀ kan tí àwọn dókítà máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó wọ ìpàdé.

Rúdurùdu ni ìjábọ̀ yìí wà nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹni tó bá wù ló ń tún un ṣe. Fáìlì kan á máa jẹ́ "ìjábọ̀ tuntun", òmíràn "tuntun gan-an", òmíràn "èyí ni kẹ́ ẹ lò", bẹ́ẹ̀ wọn ò bára wọn mu. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Dókítà Ọmọlabí, obìnrin tó dá ọsibítù náà sílẹ̀, to bébà mẹ́ta sórí tábìlì, ó ní, "Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú ìwọ̀nyí?" Gbogbo wọn ń wojú ara wọn.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni Hameedah mú Git wọlé. Git ni ohun èlò tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ohun tó fi wù ú ni pé kì í gbàgbé. Bí ènìyàn bá yí nǹkan padà nínú ìjábọ̀, yóò tọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí, orúkọ ẹni tó yí i, àti gbólóhùn kan tí onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ láti sọ ìdí rẹ̀. Bí àyípadà náà ò bá dáa, wọ́n lè dá a padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Hameedah wá fi òfin tirẹ̀ kún un: àyípadà kankan kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àfi tí ẹlòmíràn bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì tẹ bọ́tìnnì pé òun gbà á.

Ẹlòmíràn náà sábà máa ń jẹ́ Bọ̀dá Máyọ̀kún, torí àwọn méjèèjì ló jọ wà ní yàrá iṣẹ́ yẹn. Àgbà ọkùnrin ni, ó ti ń tọ́jú fáìlì aláìsàn látìgbà tí wọ́n ṣì ń fi okùn dì wọ́n. Ó kọ́kọ́ bá Git jà. Ó ní, "Kí ni mo jí gan-an, tí ẹ̀rọ á fi máa kọ orúkọ mi sílẹ̀?" Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, òun ló wá le jù. Bí Hameedah bá kọ ìdí tí kò yé e, kò ní tẹ bọ́tìnnì. Á ní kó lọ tún un kọ.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tó lóyún.

Oyún náà pé oṣù. Ẹ̀ka Ìbàfò ló ti lọ bímọ, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe kankan. Ó kàn ṣàkíyèsí pé ọmọ inú òun ti dákẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e nínú, wọn ò sì gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀. Wọ́n ní yóò ṣì ní láti bí i, ó sì bí i. Ọkùnrin ni. Agbẹ̀bí fi aṣọ wé e, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀ láti wò. Irun kún orí rẹ̀. Muqtadir àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí ilé wọn ní Ọbáfẹ́mi, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Hameedah kò bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Muqtadir náà kò sọ.

Nígbà tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé ọ́fíìsì láàárọ̀ yẹn, àwọn tó bá pàdé ń kí i pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ó ń dáhùn pé, "Àmín, ẹ ṣeun," bí ẹni ń sọ iye owó ọkọ̀. Bọ̀dá Máyọ̀kún dìde. Ó kó àwọn fáìlì tó ti tò sórí àga rẹ̀ kúrò, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu àga náà. Hameedah kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà.

Ó ṣí ìjábọ̀. Ó ka ti àwọn aláìsàn, ó ka ti oògùn, ó dé ojú ewé àwọn aboyún. Ìlà àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàyè wà níbẹ̀. Ìlà tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, ti àwọn ọmọ tí wọn ò bí láàyè, kò sí.

"Bọ̀dá, ìlà kan kù níbí."

Bọ̀dá Máyọ̀kún bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni mo yọ ọ́. Mi ò fi pamọ́ o, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Dókítà Ọmọlabí fúnra wọn ló tẹ bọ́tìnnì. A ní lọ́jọ́ tó o bá dé, kó má lọ jẹ́ pé òun lo máa kọ́kọ́ bá pàdé. Tó bá yá, a máa dá a padà."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ó mọ̀ pé inúure ni. Ó wá ibi tó yẹ kó ti dùn òun tàbí kó múnú bí òun, kò rí i. Ó bá ti oògùn lọ. Ọjọ́ Ajé dé, ìjábọ̀ náà jáde láìsí ìlà yẹn. Òmíràn dé, bákan náà. Kò sọ ọ́, wọn ò sì sọ ọ́.

Alhája Mùnírátù ló sọ ọ́. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka Ifọ̀. Ó pe Hameedah lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kọ́kọ́ ṣàdúrà fún un pẹ́, ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀.

"Ọmọ mi, kò wù mí kí n bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lásìkò yìí. Níbo lẹ gbé ìlà àwọn ọmọ tó kú sínú sí?"

"Wọ́n yọ ọ́, mà."

"Ṣó o rí i, agbẹ̀bí kan péré ni mo ní lóru. Tí aboyún méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á dúró. Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ṣí ìjábọ̀ ní ìpàdé, wọn ò rí nǹkan kan lábẹ́ Ifọ̀, wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù ná."

"Mo ti gbọ́, mà. Màá wò ó."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ ohun tí Alhája wí fún Bọ̀dá Máyọ̀kún. Bàbá náà fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀.

"A ò rò ó débẹ̀. Dìde níbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí èmi dá a padà. Ìwọ lọ jẹun."

"Tí ẹ bá dá a padà, èmi ni mo máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí bí mi ò ṣe ní rí i, sà."

Bọ̀dá Máyọ̀kún fa àga rẹ̀ padà sídìí tábìlì tirẹ̀.

Hameedah tọ ipasẹ̀ àwọn àyípadà lọ sẹ́yìn títí ó fi kan ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá Máyọ̀kún kọ: "Mo yọ ìlà yìí fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni." Ó dá ohun tí wọ́n yọ padà. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó sì lọ kó iye àwọn ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wá láti ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mówè, òdo. Ifọ̀ pọ̀, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbàfò, ọ̀kan.

Ó wo ọ̀kan náà. Ó dúró kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú òun. Fáànù ń yí lórí wọn, ẹnì kan ń bá ẹni tó ń gbowó jà lórí ṣéńjì nísàlẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó kọ "Mo dá ìlà padà," ó fi ránṣẹ́ sí tábìlì kejì.

Bọ̀dá Máyọ̀kún kà á. Bó ṣe mọ́ ọn lára, ó ní, "O ò kọ ìdí." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ ohun tó sọ. "Má bínú. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Rárá, òótọ́ lẹ sọ."

Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé: "Àwọn ọmọ yìí wà. Ifọ̀ ń wá agbẹ̀bí." Bọ̀dá Máyọ̀kún tẹ bọ́tìnnì, ó sì jáde lọ dúró sí kọ́rídọ̀, kò tètè wọlé.

Ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, nígbà tí Dókítà Ọmọlabí dé orí ìlà náà, ó kà á sókè, Mówè, Ìbàfò, Ifọ̀. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ Hameedah. Wọn ò jiyàn pẹ́ títí: wọ́n ní kí agbẹ̀bí kan kúrò ní Mówè lọ máa ṣiṣẹ́ òru ní Ifọ̀ títí wọn yóò fi gba ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n tú ká, dókítà dá Hameedah dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé mo ṣe àṣìṣe ni, bí mo ṣe gbà kí wọ́n yọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o fẹ́ lọ lo ìyókù ìsinmi rẹ?"

"Rárá, mà."

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, Muqtadir ti ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táìlì pa, ó ti ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀. Hameedah já búrẹ́dì, ó ní, "Mo rí tiwa nínú ìjábọ̀ lónìí. Ọ̀kan, lábẹ́ Ìbàfò."

Muqtadir gbé ṣíbí sílẹ̀. 

"O ò bi mí rí bí a ṣe sin ín."

"Mo ń bi ọ́ báyìí."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló gbé ọmọ náà lé itan nínú ọkọ̀. Ó ní wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà òun ni wọ́n sin ín sí. Ààfáà bèèrè orúkọ rẹ̀, òun ò sì lè pe Hameedah lórí fóònù láti bi í.

"Kí lo wá sọ ọ́?"

"Ṣàràfá."

"Ṣàràfá," Hameedah pè é lẹ́ẹ̀kan, kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dún bí ọmọ ará àdúgbò tí wọ́n ń pè láti òdìkejì títì. Omi ti ń dà lójú Muqtadir. Hameedah rí i, ó sì mọ ohun tó yẹ kí òun náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹkún kò wá. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé e léjìká, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí ẹ̀wà fi tutù.