Nọ́ńbà Isabelle Tí Wọ́n Yọ Dànù

Ní abúlé Paouignan, tí o bá ń wá ilé Isabelle, ọmọdé ni kí o bi, nítorí kò sí àgbà tó kù tí kò tíì bá jà. Ó ti bá olórí ẹgbẹ́ akọrin jà lórí ìjókòó. Ó bá Elvire, aládùúgbò rẹ̀, jà lórí adìyẹ kan tó ti kú tipẹ́. Gàrí ló ń yan bíi gbogbo obìnrin ibẹ̀, èéfín sì ti ba àyà rẹ̀ jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, Gervais, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kó ààrò tuntun dé, irú èyí tí èéfín ń gba inú páìpù jáde. Ó mú àwọn obìnrin ṣẹ́ kèké. Ìdajì gba ààrò, ìdajì tó kù, Isabelle wà lára wọn, ní láti máa lo òkúta mẹ́ta wọn. Ó wá so ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́ kálukú lọ́rùn. Tí ìpíndọ́gba èéfín àwọn olókùúta bá ga ju ti àwọn yòókù lọ, gbogbo ilé yóò gba ààrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí nìyẹn.

Ọmọ náà mọ ìṣirò dáadáa. Paouignan ni kò mọ̀.

Nígbà tó ka nọ́ńbà inú ẹ̀rọ wọn tán, tó padà dé láti yunifásítì, ó pè wọ́n jọ, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ìpíndọ́gba méjèèjì ò yàtọ̀ síra, ààrò ò wúlò, kò ní sí òmíràn mọ́. Àwọn obìnrin náà ń wo ilẹ̀.

Isabelle dìde. "Ààrò tuntun ni gbogbo wọn jọ ń lò. Òkúta ni ti Elvire, àmọ́ ọ̀dọ̀ Amandine tó gba ààrò ló ti ń yan gàrí. Èmi nìkan ni mo jókòó ti òkúta mi."

Gervais ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Màmá, mo ti yọ nọ́ńbà tiyín kúrò. Ó ga ju ti gbogbo wọn lọ, mo rò pé ẹ̀rọ yín bàjẹ́ ni."

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Àyà mi ló bàjẹ́."

Gervais wá ṣàlàyé fún wọn pé ìdánwò tóun fi wé ìpíndọ́gba wọn gbà pé kálukú dá dúró, pé ohun tí ẹnì kan ń ṣe kò kan ẹnìkejì.

Elvire bi í pé, "Ìlú wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Gervais yíjú sí Isabelle, ó bi í bóyá nítorí àtipa òfin mọ́ ni kò ṣe lọ sídìí ààrò ẹnikẹ́ni.

"Kò sẹ́ni tó pè mí," ni Isabelle wí, ó sì jókòó.

Gervais ní òun yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: Paouignan lódindi yóò gba ààrò, Soclogbo, abúlé kejì, yóò máa lo òkúta. Soclogbo kò tíì gbọ́.

Ààrò ìyókù kò tíì dé nígbà tí Elvire yọjú lórí ògiri láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Isabelle, gbé ẹ̀gẹ́ rẹ wá ká jọ yan án lọ́dọ̀ Amandine."

Isabelle ní gàrí Elvire kì í kúnná. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.