Bàbá Tó Ń Gbẹ́ Táńkì ní Al Qasimia

"Má fọwọ́ kàn án o, ìyá mi. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Bàbá ò gbójú sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fi sánpépà ha igi tín-ínrín kan, ìyẹ̀fun igi sì ń bọ́ sórí ìwé ìròyìn tó tẹ́ sórí itan. Pákó àpótí èso ló máa ń lò, èyí tí àwọn onísọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Al Qasimia, nílẹ̀ Lárúbáwá, ń kó dànù. Torí náà, òórùn ọsàn ló máa ń wà níbẹ̀, àfi tí àwọn ará Kerala tó wà ní yàrá kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í din àlùbọ́sà. Omi éésì ń kán, tó, tó, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ kílíínà ní Dubai Silicon Oasis, bọ́ọ̀sì iléèwé á sì ti já mi sílẹ̀ tipẹ́ kó tó dé. Bàbá yìí, tí kì í ṣe ẹbí wa, ló máa ń dúró dè mí. Síkiọ́ríìtì ni, bedspace kan, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ló sì háyà nínú fúláàtì tí àwa náà ń gbé. Nílé, kó tó wá síbí, sọ́jà ni. Ìbọn ló ń tún ṣe ní báárékè kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Táńkì ogun ló máa ń gbẹ́. Kì í ṣe ti òde òní o, àwọn ńláńlá àkọ́kọ́ ni, tí ṣéènì yí gbogbo ara wọn ká. Ó ní àwọn òyìnbó tó ṣe wọ́n pín wọn sí akọ àti abo.

"Akọ ló gbé ìbọn àgbá méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Abo ò ní àgbá rárá, ìbọn arọ̀jò-ọta nìkan ni wọ́n tò sí i lára."

"Bàbá, èwo ló le jù níbẹ̀?"

"Abo ló ń ṣọ́ akọ kí ọ̀tá má baà ya bò ó. Bi màmá ẹ léèrè, ó mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Akọ kan ló ń gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ọkùnrin Lárúbáwá kan ní Dubai, tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ti rí fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kó gbẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ gan-an fún òun. Tó bá pé géérégé, òun á gbà á síṣẹ́, òun á sì ṣe visa fún un. Kọ́ńtíráàtì Bàbá ń parí lóṣù yẹn, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ pé ó ti dàgbà jù. Kò fẹ́ padà sílé. Èmi náà ò fẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà ń bọ̀, Bàbá wọ ilé ìwẹ̀. Mo gbé táńkì náà kí n lè yọjú wo ẹnu ìbọn. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìbọn ọ̀tún ṣẹ́ sí méjì.

Nígbà tó jáde, mo ń sunkún. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó jókòó.

"Wá. Bó ṣe ṣe àwọn tòótọ́ náà nìyẹn. Ìbọn wọn gùn jù. Tí táńkì bá ti ń sọ̀ sí kòtò, ẹnu ìbọn á gún ẹrẹ̀, á kọ́ igi. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe é kó kúrú."

Ó mú ayùn kékeré, ó gé ti òsì kó lè bá ti ọ̀tún dọ́gba. Kò sí àsìkò láti gbẹ́ òmíràn. Wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn.

Mo sá sẹ́yìn kọ́tìnì. Ọkùnrin náà gbé táńkì náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó yin ṣéènì, ó yin táyà kékeré méjì tó wà nídìí rẹ̀. Ó wá fọwọ́ kan ẹnu ìbọn.

"Habibi, ìbọn yìí kúrú. Ti àwọn tó dé lẹ́yìn ni. Ta ló gé e?"

Mo mọ̀ pé tó bá gbọ́ pé ọmọdé ló jẹ́ kó bọ́, ó lè fún Bàbá láyè kó tún un ṣe. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì jáde.

"Èmi ni, sà," ni Bàbá wí.

"O sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?"

"Mo mọ̀, sà."

"Khalas, ó ti parí." Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì lọ.

Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí ò sọ pé èmi ni. Ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ṣé kí n wá fi ọmọ ọlọ́mọ wá visa ni?"

Oṣù yẹn ò parí tó fi padà sílé. Ó máa ń pè wá ní ọjọ́ Sunday, títí di ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin pè wá dípò rẹ̀ pé Bàbá ti kú, tí màmá mi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àdúgbò Muwaileh ni mò ń gbé báyìí, èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Àárò rẹ̀ máa ń sọ mí láìròtẹ́lẹ̀, láàárín ọjọ́, nígbà tí ara mi dá ṣáṣá. Níbi iṣẹ́, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń tètè jẹ́wọ́ pé èmi ni. Wọ́n ń yìn mí, wọ́n ní olóòótọ́ ni mí. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kò sì sí níbi tó ti lè gbọ́ ọ mọ́.