Òdòdó tí mo fi pa Uncle télọ̀

Ẹ gbà mí o! Mo fi òdòdó pa èèyàn ní Peckham, ní London níbí, lónìí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn ará India tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa ni mò ń ya fọ́tò wọn kiri. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Uncle télọ̀ tó ń rán bùbá léèsì fún àwọn Mummy ṣọ́ọ̀ṣì wa: wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, pínnì kún ẹnu wọn.

Mo fi fọ́tò náà sínú férémù. Mo wá ní kí n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ti àwọn ará India. Mo ra òdòdó tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Bí mo ṣe gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, Aunty ìyàwó wọn figbe ta.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Aunty! Ẹ̀bùn ni!"

"Lọ́dọ̀ wa, fọ́tò òkú là ń fi òdòdó kọ́ lọ́rùn!"

Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ni Uncle bá bú sẹ́rìn-ín.

"Tí mo bá ti kú, ta ló máa rán bùbá ẹ tó wà nílẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Uncle, nílé wa, ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ máa ń gùn ni."

Aunty yọ òdòdó náà, wọ́n fi sí ọkọ wọn lọ́rùn. "Ọrùn alààyè nìyí. Ó yá, tún wọn yà."

Fọ́tò tuntun náà rèé. Gbogbo yín, ẹ bá mi kí Uncle: ẹ kú àjíǹde o!